Ìwé Ẹ̀rí Ààfáà Mùtàlíbù

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Èmi Ròkíátù ò bá baba náà gbé rí. Láti kékeré ni ìyá mi, kí Ọlọ́run forí jì wọ́n, ti máa ń sọ pé ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, mo ti dé ìdajì ọ̀nà kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, màá wá sáré padà wá béèrè ohun tí wọ́n ní kí n rà. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ibi ìkánjú yẹn náà ló ti bẹ̀rẹ̀, mo sì ti dàgbà tó báyìí láti sọ ọ́ láìfi bò.

Ọdún 1957 ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí. À ń gbé ní Ifọ̀, nítòsí ibi tí ojú irin ti pín sí méjì, tí ọ̀kan ń lọ sí Abẹ́òkúta, tí èkejì yà sí Ìdogò. Bàbá mi ni Ààfáà Mùtàlíbù. Bí olórí ilé kan bá kú láàárín àwọn Mùsùlùmí, láti Ifọ̀ títí dé Mówè àti Ìbàfò, bàbá mi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè kí wọ́n wá bá wọn pín ogún. Ọdún tí mo jáde ìwé mẹ́fà, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń múra àtilọ síwájú, ọdún yẹn gan-an ni ojú bàbá mi fọ́. Ìyá mi ti kú, èmi nìkan ni mo kù nílé. Bí mo ṣe di ojú wọn nìyẹn.

Báyìí la ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. A ó dé ilé olóògbé, wọ́n á tẹ́ ẹní fún wa. Ẹbí á mú ìwé kan jáde, èyí tí akọ̀wé ti kọ orúkọ àwọn opó, orúkọ àwọn ọmọ, àti ohun tí òkú fi sílẹ̀ sí. Èmi á kà á sókè. Bàbá mi á bi mí pé, ṣé ó tán? Èmi á ní ó ti tán. Wọ́n á wá máa pín in lórí ahọ́n, èmi á máa kọ ọ́ sórí wàláà: ìdá kan nínú mẹ́jọ fún ìyàwó, ìpín méjì fún ọmọkùnrin, ìpín kan fún ọmọbìnrin. Bí ìṣirò bá ti bára mu, bàbá mi á ka Fátíhà. Lẹ́yìn Fátíhà, kò sẹ́ni tó tún ń lanu. Àwọn èèyàn wa gbà pé ẹni tó bá ń yẹ ìpín wò lẹ́yìn Fátíhà, Ọlọ́run ló ń bá ṣẹjọ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mo mọ ìdá mẹ́jọ, ìdá mẹ́fà, ìdá mẹ́ta, bí mo ṣe mọ ìka ọwọ́ mi. Mo ń kọ lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ẹbí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn bá dé ọ́fíìsì kánsù ní Òwódé. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó lórí ẹní ẹlẹ́ní bẹ́ẹ̀, ọkàn mi kì í sí níbẹ̀. Mo ti máa ń ro ọ̀nà.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí èyí lójú mi ni Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Abẹ́òkúta, hẹdimásítà ilé ìwé Mọ́dàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nítòsí wa. Onílé rẹ̀ ló kú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí a lọ pín ogún náà, ó ń wo wàláà mi. Nígbà tí a ṣe tán, ó bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Mo ní orí ẹní ni. Kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó wá bá bàbá mi nílé, ó ṣàlàyé pé ilé ìwé òun ní ètò kan fún ẹni tó ti jáde ìwé mẹ́fà tipẹ́ tó sì ti ń kọ́ṣẹ́ tàbí ń ṣiṣẹ́ níta. Wọ́n á dán an wò. Ohun tó bá ti kọ́ níta, ìbáà jẹ́ nílé télọ̀ tàbí lọ́dọ̀ ààfáà, wọ́n á kà á sí ẹ̀kọ́, wọ́n á sì jẹ́ kó fo Kíláàsì Kìn-ín-ní bọ́ sí Kejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí Kíláàsì Kejì yẹn fi jẹ́ ayé mi. Ọdún mẹ́ta ni ilé ìwé Mọ́dàn. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa mú bàbá mi káàkiri? Àbúrò wọn obìnrin, Hàfísátù, tí à ń pè ní Ìyá Mówè, ló ní òun á wá. Opó ni wọ́n, wọ́n ń ṣoko ìrẹsì ní Mówè. Wọ́n jókòó sílé wa, wọ́n sọ ọ́ bó ṣe rí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjì ni mo lè fún yín. Ọdún kẹta, oko mi ló ni mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi." Bí mo bá sì dúró di ọdún mìíràn, ọjọ́ orí mi á ti pọ̀ jù, nítorí wọn kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún méjìdínlógún. Nítorí náà, ó di kí n wọ Kíláàsì Kejì ní oṣù kìn-ín-ní, tàbí kí n jókòó lórí ẹní títí ayé.

Mo fẹ́ lọ débi pé ó ń dùn mí. Ojú sì ń tì mí pé mo fẹ́ lọ, nítorí ta ló ń sá kúrò lọ́dọ̀ afọ́jú tó bí i? Àwọn nǹkan méjèèjì ń jà nínú mi tọ̀sán tòru, n kì í lè dúró lójú kan. Bí réluwéè bá fọn fèrè, mo ti wà ní ojúde, bí ẹni pé ó ní ẹni tí mò ń retí. Mo ń da omi nù, mo ń jó ọbẹ̀ mọ́ ìkòkò. Bàbá mi á ní, "Ròkíátù, jókòó. Ìró ẹsẹ̀ rẹ ò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mò ń rò." Màá jókòó, kò ní í pẹ́ màá tún dìde.

Ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò tó dé ni wọ́n pè wá sí Ìbàfò. Bàbá kan tó ń jẹ́ Sàlísù ló kú, ó fi oko obì sílẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń ka ìbéèrè ìṣirò sínú. Nígbà tí a débẹ̀, mo ka ìwé wọn, a pín in, a ka Fátíhà, mo sì fa bàbá mi lọ́wọ́ dìde kí oúnjẹ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa tó tutù, nítorí mo fẹ́ kí a bá ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn sọdá odò Ògùn. Bàbá mi bú mi díẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí oúnjẹ náà. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Àwa mẹ́rìnlá la jókòó, mi ò sì ka ẹnì kankan nínú àwọn ìyókù sí. Mo ń fi gègé sáré. Ìbéèrè kẹsàn-án ni mo dé, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín sókè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́: àgbẹ̀ kan kú, ó fi ọgọ́fà àgùntàn sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ, ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ni ọmọ tó bí. Áà, ilé mi ni wọ́n wá bá mi yìí. Mo kọ ọ́ kí ojú mi tó kúrò níbẹ̀: ìyàwó, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, méjìlélógójì, ọmọbìnrin, mọ́kànlélógún. Mo ti parí gbogbo rẹ̀ kí aago tó lù, èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ, mo gba ibẹ̀ bọ̀, bí ẹni tí wọ́n so mọ́ okùn.

Èsì pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò mọ bí mo ṣe lò ó. Mo gbá àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan. Mo bá aládùúgbò wa jà nítorí adìyẹ. Ọjọ́ Túsìdé kan ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ilé ìwé. Ọgọ́ta máàkì ni wọ́n ní ká gbà. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló wà níwájú orúkọ mi.

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo pa dà sílé, mo di bàbá mi lọ́wọ́ mú, mo ní a ó lọ bá hẹdimásítà, nítorí ẹnì kan ti rẹ́ mi jẹ. Wọn ò jiyàn. Wọ́n wọ bùbá wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ kò bínú. Ó fún bàbá mi ní àga, ó mú ìwé mi jáde, ó ní ìbéèrè kẹsàn-án ló gbé mi ṣubú, máàkì mẹ́fà ni. Mo ní irọ́ ni, pé bí ìbéèrè kan bá wà tí mo mọ̀ jù lọ, òun ni. Ó ní kí n má bínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sí Yorùbá fún bàbá mi. Ọgọ́fà àgùntàn, bàbá mi ń mi orí. Ìyàwó, ìdá kan nínú mẹ́jọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Ó wá ka ìlà tó kẹ́yìn: àgùntàn mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, bí ìpín gbogbo wọn bá dọ́gba?

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi náà na ọrùn, mo wo ìwé náà. Ó wà níbẹ̀. Ìlà kan gbáko, mi ò sì tíì rí i rí.

Bádéjọ ní òun mọ̀ pé bí ìsìn wa ṣe pín in nìyẹn, ìṣirò náà sì pé, kò fi ẹyọ kan ṣẹ́. Ó wá ní bó bá jẹ́ pé mo rí ohun tí ìbéèrè ń bi, tí mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dáhùn bí Mùsùlùmí, òun lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, òun á sì dá máàkì mẹ́fà náà padà. Ojú mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń ṣílẹ̀kùn fún mi ni. Ẹnu mi ti là.

"Ròkíátù," bàbá mi ní, "ṣé o kà á dé ìparí?"

Ẹ bá mi wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo ni mo ń wá, ó sì wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bi mí yìí, ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti fi ń gba ohun tí mo bá sọ pé mo rí gbọ́, láì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò lè ṣe é.

"Rárá, Bàbá. Mi ò kà á dé ìparí."

Bádéjọ mí kanlẹ̀. Ó ní ó ku ọ̀nà kan. Ẹni tó bá gba máàkì tó kọjá àádọ́ta ṣùgbọ́n tí kò dé ọgọ́ta, ìwé ẹ̀rí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ lè gbé e kọjá. Òun ti kọ ọ́ sílẹ̀ de wa, nítorí òun ti mọ̀ pé a ó wá. Ó kà á fún wa: èmi Ààfáà Mùtàlíbù jẹ́rìí pé Ròkíátù ọmọ mi ti fi ọdún mẹ́rin ka ìwé ogún fún mi, ó sì ṣe é láìṣe àṣìṣe kankan. Bí àtàǹpàkò bàbá mi bá ti kàn án, tó sì dé ọwọ́ òun kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Kíláàsì Kejì ti di tèmi. Ó ṣí ike tàdáwà, ó rọra gbá ọwọ́ bàbá mi mú.

Bàbá mi fa ọwọ́ wọn padà.

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá òótọ́ ni," wọ́n ní. "Ìwé tí wọ́n fi fẹ́ sọ ọ́ dèèyàn ni kò kà dé ìparí yẹn. Àwọn tó kà fún mi ńkọ́?"

Inú bí mi, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo rò ó pé irú baba wo nìyí, pé ojú wọn ni mo jẹ́ fún ọdún mẹ́rin, àtàǹpàkò lásán ni wọn ò lè fún mi. Bàbá mi ní ogún tí a pín kẹ́yìn nígbà tí ara mi ò balẹ̀ ni ti Ìbàfò. A ó lọ wò ó. Bí ó bá pé, àwọn á tẹ̀ ẹ́. Bádéjọ ká ìwé ẹ̀rí náà fún wọn pẹ̀lú ike tàdáwà, ó ní bí nǹkan kan bá wà tí wọ́n fẹ́ kí a pa rẹ́ tàbí kí a fi kún un, kí n kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe wí; ohun tí ọ́fíìsì ń wá ni àtàǹpàkò ẹni tó sọ pé ọmọ yìí tó lọ.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé, lẹ́yìn àsùbáà, a kúrò ní Ifọ̀. Ọyẹ́ ti mú, eruku ń bò wá lójú. A kì í sábà dákẹ́ lójú ọ̀nà, bàbá mi fẹ́ràn kí n máa sọ ohun tí mo bá rí fún wọn, igi tó wó, ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Lọ́jọ́ náà wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Èmi náà fi inú dídì rìn títí a fi dé etí odò Ògùn. Inú ọkọ̀ ojú omi ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú láti rántí ìwé Ìbàfò náà. Mo rántí pé ó ti gbó ní eteetí. Mo rántí orúkọ àwọn ìyàwó méjì, mo rántí orúkọ ọmọ mẹ́rin. Mo wá gbìyànjú láti rántí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mi ò rántí pé mo yí i. Ìbínú mi kú fin, ẹ̀rù ló kù. Mo ní kí atukọ̀ náà yára, ó ní odò kì í ṣe ẹṣin.

A sùn ní Mówè lọ́dọ̀ Ìyá Mówè. Wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Wọ́n bi mí pé ṣé wọ́n ti gbà mí, pé àwọn ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tí yóò máa bá àwọn wo oko fún ọdún méjì náà. Bàbá mi ní a ò tíì mọ̀. Ìyá Mówè wo ojú mi, wọ́n rí i pé ojú náà kò ṣe é bi léèrè, wọ́n fi mí sílẹ̀. Mi ò jẹun.

A dé Ìbàfò lówùúrọ̀ ọjọ́ Tọ́sìdé. Láwàl, àkọ́bí olóògbé, dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó tẹ́ ẹní, ó ń bi wá ṣé kò sí láburú. Bàbá mi ní kí ó mú ìwé ogún wá. Ó wọlé, ó mú un jáde. Ọwọ́ mi ti nà, mi ò tilẹ̀ ronú kí n tó nà án.

"Rárá," bàbá mi ní. "Ọmọ ilé yìí kan tó mọ̀wé ni kó kà á fún mi."

Mo ti jẹ ẹgba rí, mo ti gbọ́ èébú. Kò sí èyí tó dùn mí bí ọwọ́ tí mo fà padà sára mi lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Láwàl obìnrin ni wọ́n pè, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń lọ sílé ìwé ní Ọ̀fàdà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kánjú, kò lè kánjú. Igi obì, igba ó dín mẹ́jọ. Ìyàwó, Àsábí. Ìyàwó, Ìbíwùnmí. Ọmọ, Láwàl. Ọmọ, Nọ́fíù. Ọmọ, Hàkímù. Ọmọ, Kúlúsúmù, obìnrin. Ibẹ̀ ni mo dé lọ́jọ́sí, ibẹ̀ ni ìwé ti kún. Ọmọ náà yí i. "Ọmọ, Tòún, obìnrin, ọmọ oṣù mẹ́rin. Ìbíwùnmí ni ìyá rẹ̀."

"Ṣé ó tán?" bàbá mi bi í.

Ó tún ìwé náà yí padà, ó wò ó lókè nísàlẹ̀. "Ó ti tán, Bàbá."

Bàbá mi ní ṣé Tòún náà wà láàyè. Láwàl ní ó wà nínú ilé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n pe ìyá náà. Ìbíwùnmí ṣì wà nínú tákàbá, ilé opó, kò lè bọ́ síta, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà inú ilé pẹ̀lú ìborùn lórí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Bàbá mi bi í pé ṣé ó mọ̀ pé a kò fún ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ó ní òun mọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ ti ka Fátíhà, Ààfáà," ó ní. "Mo rò pé bí òfin ṣe wí nìyẹn, pé ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú kì í jogún. Mo ti gbà fún Ọlọ́run."

Láwàl ní bí òun náà ṣe rò ó nìyẹn. Bàbá mi bo ojú, àwọn ojú tí kò ríran náà, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀, Ọlọ́run ni obìnrin yìí sì ti ń gbà á fún láti ọjọ́ náà wá. Mo wá ibi tí màá wọ̀, mi ò rí i.

Wọ́n ní kí n gbé wàláà. A tún un pín. Àwọn ìyàwó, méjìlá méjìlá bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ti gba igi méjìdínláàádọ́ta, ó di méjìlélógójì. Kúlúsúmù ti gba mẹ́rìnlélógún, ó di mọ́kànlélógún. Mọ́kànlélógún fún Tòún. Hàkímù kùn pé òun ti bá oníbàárà òun sọ̀rọ̀ lórí obì ọdún yìí, Láwàl ní kó lọ bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ mìíràn. Bàbá mi ní kí ọmọbìnrin ilé ìwé náà ka ohun tí mo kọ sí wàláà fún àwọn. Ó kà á. Ó pé.

Mo rò pé ó parí, pé a ó dìde. Nígbà náà ni bàbá mi mú ìwé ẹ̀rí Bádéjọ jáde nínú àpò bùbá wọn. Wọ́n kọjú sí ibi tí ohùn Ìbíwùnmí ti wá.

"Ìwé yìí ni wọ́n fẹ́ fi gba ọmọ mi sílé ìwé," wọ́n ní. "Ó ní kí n jẹ́rìí pé kò ṣe àṣìṣe rí. Irọ́ ni. Mo lè ní kó pa á rẹ́, kó kọ òótọ́ síbẹ̀, kí n sì fi ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni ọmọ mi ṣẹ̀. Ọmọ tìrẹ ni. Bí o bá ní kí n má tẹ̀ ẹ́, màá fà á ya níbí yìí, kò sì ní í lọ."

Mo kúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀la, Kíláàsì Kejì, ọdún méjì Ìyá Mówè, gbogbo rẹ̀ wá bọ́ sí ọwọ́ obìnrin kan tí mi ò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wá. Ìbíwùnmí sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wò mí pẹ́.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún un, Ààfáà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó lọ. Bóyá bó bá kàwé sí i, á rí ọmọ mi."

Mo pa ìlà tó sọ pé n kì í ṣe àṣìṣe rẹ́. Ohun tí bàbá mi sọ ni mo kọ rọ́pò rẹ̀, pé ọmọ yìí mọ ìṣirò, pé kì í ní sùúrù kàwé dé ìparí, pé ó gbé ọmọ kan sọnù ní Ìbàfò, Tòún ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Láwàl kà á fún wọn. Bàbá mi na àtàǹpàkò sí mi, mo fi tàdáwà kùn ún, mo gbé e lé ìwé náà. Tòún bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ìyá rẹ̀ sì gbé e wọlé lọ fún un lọ́mú.